Apá Lésì Tó Wọnú Ìrọ̀rí

Bí mo bá gbóòórùn kánfọ̀ níbikíbi, ì báà jẹ́ lára aṣọ àgbàlagbà kan tó jókòó tì mí nínú ọkọ̀, inú á ti máa bí mi kí n tó rántí ohun tó ń bí mi. Kánfọ̀ ni ìyá ọkọ mi dà sí gbogbo kọ̀rọ̀ ilé wa ní Ìlaró lọ́dún tó wá kí wa. Rúùmù kan àti pálọ̀ ni a háyà nígbà náà, pálọ̀ ọ̀hún ló sì tún jẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi. Máṣíìnì mi wà lẹ́bàá fèrèsé, tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àwa èèyàn sì ń jókòó síbi tó bá ṣẹ́kù. Òwú wà nínú agolo mílíìkì, bọ́tìnnì wà nínú ike kọ́sítádì, sípù rọ̀ dirodiro lórí ìṣó. Lójú àlejò, rúdurùdu gbáà ni. Ṣùgbọ́n bí o bá fi aṣọ dì mí lójú, tí o ní kí n mú òwú aláwọ̀ búlúù wá, màá kàn nawọ́ síbi tó wà ni.

Màmá kì í jẹ́ kí ọwọ́ òun dilẹ̀. Nílé rẹ̀ ní Ìhunbọ, á ti bó ẹ̀gẹ́ kún agbọ̀n kí ẹlòmíràn tó bọ́jú. Nínú pálọ̀ wa, kò rí ẹ̀gẹ́ bó, àwọn nǹkan mi ló rí. Ọjọ́ tí abẹ́rẹ́ gún un lẹ́sẹ̀ ló pinnu pé òun máa tún ilé náà ṣe. Mo lọ ra láínìn lọ́jà. Nígbà tí mo fi dé, gbogbo òwú mi ti wà nínú ọ̀rá kan ṣoṣo, àlùmọ́gàjí mi ń bá ọ̀bẹ gbé nínú kíṣíìnì, téèpù tí mo fi ń wọn èèyàn ni Màmá sì fi so kọ́tìnnì sókè.

“Ìyàwó, ilé ti di ilé báyìí.”

“Ẹ ṣeun, Màmá,” ni mo wí. Kí ni mo tún fẹ́ wí? Ìyá ọkọ ni. Mo ń rẹ́rìn-ín lẹ́nu, inú mi ń hó bí omi ẹ̀kọ. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ó ń fi ọwọ́ rán ìrọ̀rí kan tó fi àgékù aṣọ kún inú rẹ̀. Mo tilẹ̀ yìn ín pé ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Nígbà tó ń padà sí Ìhunbọ, èmi fúnra mi ni mo bá a gbé ìrọ̀rí náà dé gáréèjì.

Lẹ́yìn náà ni mo jókòó láti parí aṣọ tíṣà kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìn tì. Lésì ni, owó oṣù tí ọmọ rẹ̀ kọ́kọ́ gbà ló fi rà á fún un ní Kútọnù. Irú rẹ̀ kò sí lọ́jà mọ́, tíṣà sì fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi. Bí ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ṣe kọ́ mi ni mo ṣe ń ṣe: bí mo bá ti gé aṣọ tán, mo máa ń ká àwọn ègé kéékèèké pọ̀, màá sì fi etí aṣọ náà dì wọ́n, kí ọ̀kankan má baà sọ nù. Iwájú àti ẹ̀yìn wà lórí máṣíìnì. Apá méjèèjì tí mo dì, tí mo fi sábẹ́ tábìlì, kò sí níbẹ̀ mọ́. Mo tú ilé wò dé abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo pe Màmá lórí fóònù.

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ǹjẹ́ ẹ rí aṣọ kan tí mo dì sábẹ́ tábìlì?”

“Aṣọ kẹ̀? Àkísà ni mo rí, àkísà ni wọ́n sì fi dì í. Kí ni ì bá tún wà nínú rẹ̀?”

“Níbo ló wà báyìí, Màmá?”

“Ó wà lábẹ́ orí mi.”

Bí ọ̀rọ̀ bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là ń fi í rín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín kọ̀ láti wá. Ìwọ náà mọ orúkọ tí àwa aránṣọ ní. A ti fi iná tó lọ àti máṣíìnì tó bàjẹ́ purọ́ fáwọn èèyàn títí. Ọjọ́ tí òótọ́ wá dé, ta ni yóò gbọ́? Ta ni mo fẹ́ sọ fún pé ìyá ọkọ mi ń fi apá aṣọ oníbàárà mi rọrí? Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tó ṣáájú ìdúpẹ́ náà, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Ìhunbọ. Àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù dá wa dúró lójú ọ̀nà, wọ́n tú ẹrù oníkálukú, mo sì ń wo aago.

Màmá kò fẹ́ kí n tú u. Ó ní láti ìgbà tí òun ti dáyé, orí òun kò tíì rí ìsinmi bí èyí. Mo bẹ̀ ẹ́ títí ó fi gbé e fún mi. Mo tú ojú rírán rẹ̀, àgékù àǹkárá, aṣọ ilé ìwé àwọn ọmọ àti kánfọ̀ dà sílẹ̀. Nísàlẹ̀ pátápátá ni mo ti rí apá lésì méjèèjì. Màmá kò tilẹ̀ tú ìdì wọn. Mo fẹ́ sunkún, mo fẹ́ pariwo. “Ẹ ṣeun, Màmá” náà ló tún jáde lẹ́nu mi.

Ó fọwọ́ tẹ ìrọ̀rí náà wò, ó fajú ro.

“Ó ti rọ̀ jù. Kí lo máa fi dípò ohun tí o mú?”

Apá aṣọ méjì péré! Mo wò ó, kò rẹ́rìn-ín. Mo bọ́ ìborùn mi, èyí tí mo fẹ́ràn jù, mo ká a, mo tì í bọ inú ìrọ̀rí, mo sì fi ọwọ́ ara mi rán ojú rẹ̀ pa.

Tíṣà wọ aṣọ rẹ̀, ó jó dé iwájú pẹpẹ. Lẹ́yìn ìsìn, ó fa apá rẹ̀ sí imú. “Aránṣọ, kí ló ń rùn bíi kánfọ̀?” “Ẹ má bínú, mà,” ni mo wí. Ó ní kò burú, bí aránṣọ kò bá ṣáà ti purọ́ ọjọ́ tó máa gbé aṣọ wá fún òun.

Nísinsìnyí, nínú ike onídérí ni mo ń kó aṣọ tí mo bá gé sí, mo sì gbé àpò àgékù kan kọ́ fún Màmá. Mo ti gbà pé kò sí ilé tó létò lójú ẹni méjì. Ohun tí Màmá ń pè ní àkísà, oúnjẹ mi ni. Ohun tí mo ń pè ní ètò, abẹ́rẹ́ inú rẹ̀ ti gún un lẹ́sẹ̀. Láìpẹ́ yìí, a lọ kí i ní Ìhunbọ, ó sì rẹ̀ mí lọ́sàn-án. Màmá gbé ìrọ̀rí ọjọ́sí wá, kánfọ̀ ń ta sánsán lára rẹ̀.

“Gbórí lé e, ìyàwó. Tìrẹ náà wà níbẹ̀.”

Inú tún bí mi nítorí ìborùn mi. Ṣùgbọ́n mo gbórí lé e, mo sì sùn bí ọmọ tuntun.