Dókítà Oníyẹ̀pẹ̀ àti Kòkòrò Àgbàdo

Bí ẹ bá dé Pearland, lẹ́bàá Houston ní Amẹ́ríkà, tí ẹ bi àwọn Yorùbá ibẹ̀ pé ta ni Dókítà Oníyẹ̀pẹ̀, ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá ni wọn yóò kọ́kọ́ sọ. Ọlọ́runyọmí, tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, ń bọ̀ láti Clear Lake lọ́jọ́ kan, Lará ìyàwó rẹ̀ jókòó tì í, ẹ̀yìn ọkọ̀ kún fún ọ̀rá tí yẹ̀pẹ̀ wà nínú wọn. Ọlọ́pàá dá wọn dúró lórí títì márosẹ̀ nítorí iná ẹ̀yìn ọkọ̀ kan tó ti kú. Ó yọjú wo ẹ̀yìn, ó ní, “Ọ̀gá, kí ló wà nínú àwọn ọ̀rá yìí?”

Ẹlòmíràn ìbá ní yẹ̀pẹ̀ ni, kó sì máa bá tirẹ̀ lọ. Ọlọ́runyọmí ní, “Apani ni wọ́n. Wọ́n pọ̀ ju gbogbo èèyàn Houston lọ, gbogbo wọn ló sì wà láàyè.”

Ọlọ́pàá fò sẹ́yìn, ọwọ́ rẹ̀ wà nídìí ìbọn. Kò pẹ́ tí ọkọ̀ ọlọ́pàá mìíràn fi dé. Ni ọkọ Lará bá bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ létí títì: ó ní kòkòrò àìfojúrí kan ń gbé inú ilẹ̀, bí kòkòrò tó ń jẹ ewé bá gbé e mì, ìfun rẹ̀ á lu, á sì kú; bẹ́ẹ̀ kì í pa èèyàn, kì í pa ajá, kì í pa ẹyẹ. Nígbà tó fi máa parí, ọlọ́pàá àkọ́kọ́ ti ń bi í léèrè nípa tòmátì ìyá rẹ̀. Lará, tó ti ń gbàdúrà kíkankíkan, ló bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n kúkú mú un lọ sí àgọ́, bó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ló ti máa dákẹ́.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń rí. Yẹ̀pẹ̀ tí àwa yòókù ń gbọ̀n kúrò lẹ́sẹ̀ bàtà ni òun ń kó lọ sí láàbù, ibi ìwádìí rẹ̀. Níbi ìgbéyàwó kan ní Stafford, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́nu géètì tòun ti agbádá, ó ń fi ṣíbí wa ilẹ̀. Àwọn èèyàn rò pé òrùka rẹ̀ ló sọnù. Odindi àgbààgbà ìjọ ti wà lórí ìkúnlẹ̀ kí ẹnì kan tó rántí béèrè ohun tí wọ́n ń wá.

Àwọn ìyá ìjọ gbin tẹ̀tẹ̀ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, kòkòrò sì sọ gbogbo ewé di ajere. Pásítọ̀ Francis gbàdúrà lé ẹ̀fọ́ náà lórí. Ọlọ́runyọmí ló ṣe àmín tó ròkè jù, lẹ́yìn náà ló lọ gbé ike ìfinko rẹ̀ nínú ọkọ̀, ó sì fọ́n kòkòrò àìfojúrí rẹ̀ sí ewé náà lára. Ọjọ́ kejì, Ìyá Olúbùkọ́lá pè é.

“Dókítà, àwọn kòkòrò yìí ò kú o. Ńṣe ni wọ́n ń wò mí.”

“Ẹ má dá wọn lóhùn, mà. Wọn ò lè jẹun mọ́. Ó kù díẹ̀.”

Òótọ́ ni, wọ́n kú. Ṣùgbọ́n ta ni yóò jẹ ẹ̀fọ́ náà? Ọlọ́runyọmí já ewé kan níṣojú gbogbo wọn, kò fi omi ṣàn án, ó rún un lẹ́nu, ó gbé e mì. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Síbẹ̀ wọn ò já ẹ̀fọ́ kankan lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n fẹ́ kọ́kọ́ rí i bóyá á wá sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Lará nìkan ló mọ ohun tó ń lé ọkọ rẹ̀ kiri. Ẹ̀gbọ́n Ọlọ́runyọmí obìnrin, Sìkírátù, wà ní Ìsẹ́yìn. Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Ọ̀kan ń lọ mọ́ṣáláṣí, ọ̀kan ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Àgbàdo oko Sìkírátù ló rán Ọlọ́runyọmí nílé-ìwé. Kòkòrò àjèjì kan wá dé, ó jẹ àgbàdo náà run látòkè délẹ̀. Láti ìgbà yẹn ni àbúrò ti ń wá èyí tí yóò pa á. Oògùn tó pa ti ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì kò ran èyí; òmíràn tó ṣe ń pa á nínú láàbù. Bó bá dé ìta, oòrùn á pa agbára oògùn náà.

Gbogbo Sátidé ló ń pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀. “Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé wọ́n ṣì ń jẹ ẹ́?”

Lará a máa gbọ́ ohùn obìnrin náà láti ilé ìdáná: “Wọ́n ń jẹ ẹ́ o! Wọ́n tiẹ̀ ti ránṣẹ́ pe ẹbí wọn!”

Ọlọ́runyọmí á wọ bàtà, ó di láàbù.

Nígbà tó yá, àìsàn ṣe Ọlọ́runyọmí, oúnjẹ ò sì lọ lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Lará se ọbẹ̀ títí, ó po ẹ̀kọ, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ bù ú sí i lẹ́nu. Àwọn dókítà ní àìsàn náà ti jinlẹ̀ nínú ikùn. Ó wo abọ́ tó wà níwájú rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

“Lará, mo ti dà bí kòkòrò ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Mi ò kú, ṣùgbọ́n mi ò lè jẹun mọ́.”

“Bàbá Ìlérí, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀.”

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu Lará kó tó gbé abọ́ náà padà sí ilé ìdáná. Ibẹ̀ ló ti di etí síǹkì mú, tó sì sunkún títí tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dákú.

Kí ọkọ rẹ̀ tó lọ, ohun kan ṣoṣo ló ń tún sọ: “Mi ò tíì ṣe ti Sìkírátù.” Ó kú kí òjò tó dáwọ́ dúró lọ́dún náà. Olivia, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní láàbù, wá sílé wá sọ pé àwọn ò ní jẹ́ kí iṣẹ́ náà kú. Ṣùgbọ́n Lará rí i lójú rẹ̀ pé Olivia fúnra rẹ̀ ò mọ̀ bóyá iṣẹ́ náà máa yọrí sí rere.

Sátidé tó tẹ̀lé ìsìnkú, fóònù dún. Sìkírátù ni. Wọ́n kí ara wọn, ẹkún gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn méjèèjì. Lará ló kọ́kọ́ rí ọ̀rọ̀ sọ.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ foríjì í. Ó gbìyànjú. Àgbàdo yín ló wà lẹ́nu rẹ̀ títí tó fi lọ. Kò kàn rí i ṣe ni.”

Sìkírátù fọn imú rẹ̀.

“Ìyàwó mi, àgbàdo wo?”

“Èyí tí kòkòrò ń jẹ lóko yín.”

“Ẹ̀gẹ́ ni mo ń gbìn, Lará. Ó ti tó ọdún mélòó kan tí mo ti gbin àgbàdo gbẹ̀yìn.”

“Ẹ̀gẹ́ kẹ̀? Ẹ̀gbọ́n mi, gbogbo Sátidé ńkọ́? Ẹ ní wọ́n ń jẹ ẹ́. Ẹ ní wọ́n ránṣẹ́ pe ẹbí wọn!”

“Kí lo fẹ́ kí n sọ? Kí kòkòrò yẹn tó dé, ọdún á yípo kí n tó gbóhùn àbúrò mi. Kòkòrò dé, ó ń pè mí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ṣé kí n wá sọ fún un pé wọ́n ti lọ ni?”

Ẹ̀rín gbé Lará jókòó sílẹ̀. Ó gbọ́ ẹ̀rín Sìkírátù náà láti Ìsẹ́yìn, ó gbọ́ bó ṣe ń yí padà di ẹkún díẹ̀díẹ̀, tirẹ̀ náà sì tẹ̀lé e. Kò sẹ́ni tó fẹ́ kọ́kọ́ gbé fóònù sílẹ̀.

“Ìyàwó mi.”

“Mà?”

“Sátidé tó ń bọ̀ ńkọ́?”

“Màá pè yín, ẹ̀gbọ́n mi.”

“Ó dáa. Jẹ́ kí n lọ wo ìdí ẹ̀gẹ́ yìí, bóyá màá rí kòkòrò kan níbẹ̀.”