Mẹsúsà Tí Wọ́n Fi Awọ Bò ní Ẹ̀pẹ́

Kí wọ́n tó kírun àárọ̀ tán ní mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa, mo ti wà ní ibùdókọ̀ Benson, ní Ìkòròdú, níwájú bọ́ọ̀sì Ẹ̀pẹ́. Ọjọ́ kejì la máa ṣí ilé tuntun ìyá mi, mo sì ń lọ gba ohun tó fẹ́ kàn mọ́ òpó ilẹ̀kùn rẹ̀. Agbẹ́gi tí mo gbéṣẹ́ fún ti pè mí láti abẹ́ agboòrùn àwọn tó ń ta ìpè fóònù pé iṣẹ́ ti parí.

Jerúsálẹ́mù ni ìyá mi ti rí i, nígbà tó bá ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ lọ síbẹ̀. Mẹsúsà làwọn Júù ń pè é: àpótí tínínrín tí wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ Ìwé Òfin sínú rẹ̀, tí wọ́n wá ń kàn mọ́ òpó ilẹ̀kùn. Ti ìyá mi kò ní ọ̀rọ̀ kankan nínú. Ọ̀ṣọ́ mẹ́rin ló fẹ́ fún ilẹ̀kùn mẹ́rin, igi tí wọ́n gbẹ́ èso àjàrà sí lára. Ṣùgbọ́n Bàbá Àlhájì, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, gbọ́ fìrí nípa rẹ̀. Ó ní bó bá jẹ́ oògùn, òun ò ní fẹsẹ̀ tẹ ilé náà. Bàbá mi ti kú; bí olórí ẹbí kò bá wá, ta ni yóò ṣílẹ̀kùn fún opó? Èmi ni mo fi dá a lójú pé ọ̀ṣọ́ lásán ni.

Bọ́ọ̀sì kò gbéra títí dírẹ́bà fi kó èèyàn márùn-ún sórí ìjókòó ẹlẹ́ni mẹ́rin. Mo bá a wí.

"Ọ̀gá, ẹ sún mọ́ra. Ìfẹ́ la fi ń wọkọ̀," ló fi dá mi lóhùn.

Kòtò kò jẹ́ ká sinmi títí dé Ìtòíkìn. Lọ́nà Agbówà, wọ́n gbé àpò ẹ̀gẹ́ lé wa lẹ́sẹ̀. Owó ọkọ̀ ẹ̀gẹ́ náà kéré sí tiwa, ìjókòó rẹ̀ sì dára jù.

Ẹ̀pẹ́ dára ju ọ̀nà rẹ̀ lọ. Ní Ìkòròdú, a máa ń bi ẹlẹ́ja pé ìgbà wo ni wọ́n pa ẹja. Níbí, ẹja ṣì ń jà nínú ọpọ́n. Mo jẹ ìkọ́kọrẹ́ gbígbóná létí ọ̀sà. N kò ní ẹjọ́ kankan sí ìkọ́kọrẹ́ náà.

Ẹ̀gbọ́n Mùtáírù, agbẹ́gi náà, gbé mẹsúsà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jáde tẹ̀rín-tẹ̀rín. Ó ti rán awọ dúdú bò wọ́n pátá.

"Ẹ̀gbọ́n, kí lèyí?"

"Iṣẹ́ yín ni. Ẹ wo ojú rírán yẹn!"

"Mo fún yín ní àwòrán. Mo sọ igi. Mo sọ àjàrà. Níbo la ti sọ awọ?"

"Àjàrà wà nínú. Tírà ẹnu ọ̀nà, ta ló ń fi í sílẹ̀ níhòòhò kí òjò máa pa á?"

"Kì í ṣe tírà!"

"Ẹ má bínú. Kí làwọn tó ni ín ń fi sínú ẹ̀?"

"Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run."

Ó wò mí. "Ẹ ṣáà rí i."

Mo ní kó bó wọn. Ó bó mẹ́ta. Gọ́ọ̀mù ti ba àjàrà jẹ́, ó dà bí èso tí ìkán jẹ. N kò jẹ́ kó fọwọ́ kan ìkẹrin. Mo dì wọ́n, mo wọkọ̀ padà.

Bàbá Àlhájì àti ìyá mi ni mo bá ní pálọ̀ ilé tí ìyá mi ṣì ń gbé. Mo to mẹ́ta tí a bó síwájú rẹ̀, mo fi ìkẹrin sílẹ̀ nínú ẹrù.

"Ọ̀ṣọ́ ló rí báyìí?" ló bi mí.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí ṣàlàyé ẹ̀ṣẹ̀ Mùtáírù látòkèdélẹ̀. Kò gbọ́ mi. Ó ti mú èyí tó wọ awọ jáde nínú ẹrù, ó fi kan iwájú orí rẹ̀.

"Ìyàwó wa, mo ṣe bí oògùn ni! Kí ló dé tí ẹ ò sọ pé tírà ni, pé ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ló wà nínú ẹ̀?"

Mo la ẹnu. Ìyá mi tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀.

"Ẹ ṣé, sà," ni ìyá mi wí.

"Ẹnu ọ̀nà iwájú ni kí ẹ kàn án mọ́. Mo ń bọ̀ lọ́la."

Ó wá lóòótọ́. Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ kò tẹ́ mi lọ́rùn: mo jàre ní Ẹ̀pẹ́, mo jàre ní Ìkòròdú, síbẹ̀ iṣẹ́ ẹni tó jẹ̀bi ló ṣílé fún ìyá mi.