Táyà Iwájú Tèmi, Táyà Ẹ̀yìn Tirẹ̀

Òórùn táyà tuntun ṣì máa ń bí mi nínú títí dòní. Bí mo bá gba iwájú ìsọ̀ àwọn onítáyà kọjá ní oríta Godomè, tí òórùn rọ́bà yẹn bá gbá mi nímú, ojú ẹnì kan ṣoṣo ni mo máa ń rí. Ojú ọbàkan mi ni, ọmọkùnrin tí ìyàwó kejì bí fún bàbá mi, pẹ̀lú ẹnu rẹ̀ tó máa ń wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan bó bá ti fẹ́ bú èèyàn. Àwọn kan ní kí n gbàgbé. Wọn ò mọ̀ mí.

Ọmọ Ṣakété ni bàbá wa, Kútọnu ló ti ríṣẹ́ ṣe tó fi di èèyàn. Ọkọ̀ akẹ́rù ló ń bọ́ ọ, ṣùgbọ́n alùpùpù ló fẹ́ràn. Èyí tí mò ń sọ yìí kì í ṣe irú èyí tí àwọn zémìjàn fi ń gbé èrò kiri ìgboro o. Alùpùpù eré sísá ni, pupa, ìdí rẹ̀ ga, orí rẹ̀ tẹ̀ wálẹ̀, tó jẹ́ pé ẹni tó bá gùn ún á fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ̀bálẹ̀ lé e lórí. Ọjọ́ tí wọ́n gbé e jáde ní èbúté ni bàbá mi rí i, oorun ò sì kùn ún mọ́ títí ó fi di tirẹ̀. Ọdọọdún ló ń gùn ún lọ sí Ṣakété fún Iléyá. Kó tó yọ sí wa, ariwo rẹ̀ á ti wọ agbo ilé, àwọn ìyàwó ilé á sì máa gbálẹ̀ wéréwéré. Èmi ni àkọ́bí rẹ̀. Ní gbogbo ọdún tí kò tíì bí ọmọkùnrin, èmi ló ń gbé ka iwájú. Nígbà tí ẹsẹ̀ mi sì tó ilẹ̀, ó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń wà á. Mo mọ alùpùpù wà kí n tó mọ ọbẹ̀ sè, ìyá mi kì í sì í yé fi ìyẹn bú mi.

Lẹ́yìn ikú rẹ̀, àwọn ẹbí pín ilẹ̀, wọ́n pín ọkọ̀, ẹnikẹ́ni ò bá ẹnikẹ́ni jà. Orí alùpùpù ni wàhálà ti dé. Mo ní tèmi ni, torí èmi ló kọ́. Ọbàkan mi ní òun ni ọkùnrin. Kì í ṣe irin là ń dù, kí ẹ tètè mọ̀. Ẹni tó bá gùn ún wọ agbo ilé wa ní Ṣakété lọ́jọ́ Iléyá ni gbogbo ẹbí máa kà sí ẹni tó dúró ní ipò bàbá, àwa méjèèjì sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ láìsí ẹni tó sọ fún wa.

"Obìnrin á re ilé ọkọ," ó sọ ọ́ lójú gbogbo wọn. "Ṣé kó fi máṣíìnì bàbá wa ṣe ẹrù ìyàwó ni?"

Ọmọ tí mo pọ̀n lẹ́yìn! Dadá ló máa ń pè mí tẹ́lẹ̀, bí wọ́n ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n obìnrin ní Kútọnu. Láti ọjọ́ náà lọ, ó di "ìwọ", bí ẹni tó ń pe ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n bàbá wa tó jẹ́ olórí ẹbí ni ọ̀rọ̀ náà sú. Ìdí-igi la fi ń pín ogún nílé wa, ìyá kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àwọn ọmọ tirẹ̀. Ó wo alùpùpù náà, ó wò wá, ó ní, "Ìdí-igi méjì ló wà nílẹ̀, táyà méjì ló wà lára máṣíìnì. Ìyàálé ló ni táyà iwájú, ìyàwó ló ni tẹ̀yìn. Ẹ máa lọ, kí ẹ máa fi ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀ lò ó." Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Mo rò pé ẹ̀rín náà ló ń wá, kí inú wa lè rọ̀. Ṣùgbọ́n àwa ò rẹ́rìn-ín. A gba ọ̀rọ̀ náà bí òfin, a sì gbé e lọ sí Kútọnu. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Kò pẹ́ tí táyà méjèèjì tí bàbá fi sílẹ̀ fi jẹ tán, tí okùn inú wọn ń yọjú. Ìjà gan-an bẹ̀rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ti gun irú alùpùpù yẹn rí mọ̀ pé irú kan náà ni táyà iwájú àti tẹ̀yìn gbọ́dọ̀ jẹ́, kí wọ́n lè jọ di ọ̀nà mú. Èmi mọ̀, òun náà mọ̀. Ẹ má ṣe rò pé àìmọ̀kan ló ṣe wá. Aṣọ òkìrìkà ni mò ń tà ní ọjà Misẹ̀bó, ọ̀nà ọlọ́dà ni mò ń gbà láti Godomè dé ìsọ̀ mi, nítorí náà táyà rírọ̀ tí kò ní kókó lára ni mo fẹ́. Ẹkpẹ̀ lòun ń gbé, níbi tó jẹ́ pé bí èèyàn bá ti yà kúrò ní títì, yanrìn ni títí dé etí òkun. Táyà tó ní kókó gàǹgà-gàǹgà lára lòun fẹ́. Ó yẹ ká jókòó sọ ọ́. Jíjókòó gan-an ni a ò lè ṣe.

Ìsọ̀ onítáyà kan ní oríta Godomè la ti pàdé. Ó ti débẹ̀ ṣáájú mi, ó gbé alùpùpù náà dúró, ó káwọ́ gbera.

"Ẹ fún mi ní ti gúdúrọ̀n, ti ọ̀nà ọlọ́dà, síwájú," mo sọ fún onítáyà, "èyí tó ń di títì mú bí òjò bá rọ̀."

"Oníkókó ni kí ẹ fún mi sẹ́yìn," ọbàkan mi ní. Kò wo ojú mi.

Onítáyà wo èmi, ó wo òun. "Ṣé máṣíìnì kan náà ni?"

"Kan náà ni," mo dáhùn.

"Á á, wọn kì í ṣe é bẹ́ẹ̀. Ẹ lọ fẹnu kò, kí ẹ padà wá."

"Ẹnu wa ò kò rí látọjọ́ tí wọ́n ti bí i," ni mo fi dá a lóhùn.

Ọbàkan mi rẹ́rìn-ín ẹ̀gàn. "Táyà ẹ̀yìn ló ń ti máṣíìnì lọ. Tiwájú kàn ń ṣe fáàrí ni."

"Ibi tí iwájú bá kọjú sí ni ẹ̀yìn ń gbà, ó fẹ́, ó kọ̀."

"A ó máa wò ó."

Onítáyà mi orí, ó mú irinṣẹ́ rẹ̀. "Bí ẹ bá ṣubú, ẹ má dárúkọ mi o." Ó bá wa dè é. Nígbà tó parí, alùpùpù bàbá mi dúró bí ẹni tó wọ bàtà aláwọ sí ẹsẹ̀ kan, tó wọ sálúbàtà sí èkejì. Ó dùn mí bí mo ṣe rí i. Ṣùgbọ́n bí mo bá yí tèmi padà kó lè bá tirẹ̀ mu, á jẹ́ pé ó borí mi nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ tèmi ló bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ náà, mo gùn ún lọ sílé bí ẹni tó jagun ṣẹ́gun, obìnrin aláṣọ òkìrìkà tó ń jagun lórí rọ́bà.

Iléyá dé. Èmi ò gbà kó dá gùn ún lọ, òun náà ò gbà kí n dá gùn ún lọ. Ó kù ká jọ lọ. Ìyá mi bẹ̀ wá, ìyá rẹ̀ bẹ̀ wá. Àwọn méjèèjì ti jà tiwọn tán tipẹ́, wọ́n ti ń dáná pọ̀, àwọn nìkan lọgbọ́n kù sí lórí nílé wa. A ò gbọ́. Ọ̀sẹ̀ tirẹ̀ ni, òun ló ń wà á, ẹ̀yìn ni mo jókòó. Mi ò di ìbàdí rẹ̀ mú o, irin ìdí alùpùpù ni mo dì mú. Bẹ́ẹ̀ la ṣe gbéra ní Kútọnu, tí a sì la Àjàṣẹ́ kọjá.

Lẹ́yìn Àjàṣẹ́ lòjò dé. Mo fìka gún un léjìká.

"Rọra sáré. Táyà rẹ ò lè di títì yìí mú."

"Táyà kọ́ ló ń dẹ́rù bà ọ́," ó ké sẹ́yìn. "Pé èmi ló ń wà á ló ń dùn ọ́."

Ó fi kún eré. Òótọ́ ló sọ, ìyẹn ló bí mi nínú jù. A dé ibi tí ọ̀nà ti yí kọ́rọ́, iwájú yí, ẹ̀yìn kò yí. Mo rí i tí ìdí alùpùpù ń sáré bọ̀ wá lé orí rẹ̀ bá, mo sì ti wà nílẹ̀, nínú ẹrẹ̀ pupa.

Nígbà tí mo lajú, ohùn ẹ́ńjìnnì ni mo kọ́kọ́ gbọ́, ó ń ké nínú kòtò. Mo dìde, orúnkún mi ń ṣẹ̀jẹ̀, mo sáré lọ síbẹ̀, mo pa á, mo dì í lórí mú kó má bàa yọ̀ sísàlẹ̀. Àsìkò náà ni mo gbọ́ ohùn kan láti ojú títì. "Máṣíìnì ńkọ́?" Ọbàkan mi ni. Ó nà gbalaja, ọwọ́ rẹ̀ kan ti ká sábẹ́ rẹ̀ lọ́nà tí ọwọ́ kì í gbà ká. Máṣíìnì lohun àkọ́kọ́ tó béèrè. Obìnrin kan tó ń sun àgbàdo lábẹ́ àtíbàbà lẹ́bàá ọ̀nà ló fi iná sílẹ̀ tó sáré gbá a mú.

"Èèyàn ló wà nílẹ̀ níbí!" obìnrin náà pariwo mọ́ mi. "Ṣé ẹ ò mọra ni?"

"Ọmọ bàbá mi ni," mo dáhùn. Ọwọ́ mi ṣì wà lórí alùpùpù.

Obìnrin náà káwọ́ lérí. Ọkọ̀ tó ń kọjá ló gbé wa lọ sílé ìwòsàn, a ò sì rí Ṣakété lọ́dún náà.

Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ ti ń san, ó wá bá mi ní Godomè. Èmi rò pé ìjà ló bá wá, mo ti gbára dì. Kò jókòó. Ó fi kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ lé orí tábìlì.

"Ẹ máa lò ó," ó ní. "Mo rí yín nígbà tí ẹ fò mí kọjá lọ bá máṣíìnì."

"Ìwọ náà béèrè máṣíìnì kí o tó béèrè mi," mo já a lẹ́nu.

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi fẹ́ ẹ mọ́."

Ó jáde. Ìyẹn ṣì ń bí mi nínú títí dòní. Ta ló sọ fún un pé kó fi í sílẹ̀ fún mi báyẹn? Èmi fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ni. Ẹni tó bá bá èèyàn du nǹkan, tó sì jù ú sílẹ̀ lójijì, ó ti bú onítọ̀hún ju èébú lọ.

Èmi nìkan ló ń gùn ún wọ Ṣakété báyìí. Ẹbí ń pàdé mi lójúde, wọ́n ń fi orúkọ bàbá kí mi, wọ́n ń gbé àga fún mi níbi tó máa ń jókòó sí. Ẹkpẹ̀ lòun ti ń ṣe Iléyá tirẹ̀, lọ́dọ̀ àwọn àna rẹ̀. Mi ò tíì dárí jì í, kò sì bẹ̀ mí. Ìyá rẹ̀ sọ fún mi pé ó bí ọmọbìnrin kan, pé ọmọ náà fẹ́ràn ariwo ọkọ̀. Mi ò tíì rí ọmọ náà.

Láìpẹ́ yìí, táyà tún jẹ. Mo gbé alùpùpù lọ sí oríta Godomè, onítáyà bi mí irú èwo ni mo fẹ́. Mo ní ti ọ̀nà ọlọ́dà, iwájú àti ẹ̀yìn. Lẹ́yìn náà ni mo yíjú sí ẹ̀gbẹ́, mo ti di èébú sẹ́nu, kí n tó rántí pé kò sẹ́ni tó máa bá mi jiyàn.