Léyà Tí Kò Ní Ìyẹ́

Rárá o, ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín? Àkànmú káfíńtà kò fi ọ̀rọ̀ dídùn gba Títílọpẹ́ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Ọkọ̀ ogun ló fi gbà á! Ọkọ̀ ogun àwọn ará Jàpáànù, nínú bàsíà ìfọṣọ, ní Challenge níbí. Ẹ jókòó dáadáa, kí n rò ó fún yín.

Ẹ mọ̀ pé ní nǹkan bí 1985 yẹn, ilé mélòó ló wà ní Bódìjà tí wọn kì í sin adìyẹ lẹ́yìnkùlé? Lẹ́kíṣọ́rà ń sìn ín, ìyàwó dókítà ń sìn ín. Àkànmú, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà pákó, ló ń kan ilé fún wọn, pàápàá fún àwọn léyà, adìyẹ tó ń yé ẹyin. Ilẹ̀ ilé léyà tirẹ̀ máa ń dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ díẹ̀. Tí adìyẹ bá ti yé báyìí, ẹyin á rọra yí gbirigbiri jáde, kò ní fọ́. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́, ìfági rẹ̀ mú, ṣùgbọ́n "Àkànmú Ilé Adìyẹ" ni gbogbo èèyàn ń pè é, ó sì ń dùn ún wọra.

Bàbá Adégbìtẹ́, bàbá Títílọpẹ́, ló tún wá fi iyọ̀ sójú egbò náà. Sójà ni wọ́n tẹ́lẹ̀, wọ́n jagun dé Bọ́mà nígbà ogun Hítílà. Wọ́n ti là á mọ́lẹ̀ pé àwọn ò ní fi ọmọ àwọn fún ẹni tí kò mọ nǹkan kan kàn ju ilé adìyẹ lọ.

Àfi bí Bàbá ṣe ránṣẹ́ pè é lọ́jọ́ kan! Àkànmú wọ ọkọ̀ lọ bá wọn nílé ní Challenge.

"Àkànmú," ni Bàbá wí, "àwọn sójà ẹlẹgbẹ́ mi ń bọ̀ wá kí mi. Máìnì-léyà ni mo fẹ́. Kékeré ni o, irú ti Jàpáànù."

"Mai léyà" ni Àkànmú gbọ́. Léyà mi! Háà, Bàbá náà fẹ́ sin adìyẹ! Ó ní adìyẹ Jàpáànù á mà kéré o. Inú rẹ̀ dùn débi pé kò ronú síwájú.

"Ibo ni ẹ fẹ́ kó máa gbà jáde, Bàbá?"

"Ẹ̀yìn ni. Kó máa bọ́ níkọ̀ọ̀kan o."

"Ìyẹn ò le rárá, sà!"

Àárọ̀ ọjọ́ tí ọ̀la rẹ̀ jẹ́ ọjọ́ àlejò ló gbé e dé: ilé adìyẹ kékeré kan báyìí, tó ń dán, wáyà níwájú, ilẹ̀kùn olókùn lẹ́yìn. Bàbá wò ó títí.

"Kí nìyí?"

"Ilé léyà yín ni, Bàbá. Adìyẹ ọ̀hún dà?"

Títílọpẹ́ fi ìborùn bo ẹnu, ẹ̀rín ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á.

"Adìyẹ wo? Ọkọ̀ ojú omi ni mo ní kí o kàn!"

Ìgbà yẹn ni wọ́n tó fi ìbínú ṣàlàyé. Máìnì ni bọ́ǹbù tí wọ́n ń rì sínú òkun. Ọkọ̀ ọ̀tá tó bá fara kàn án, gbàù! Àwọn Jàpáànù ní irú ọkọ̀ kéékèèké kan tí wọ́n ń pè ní Sókútẹ́ǹ, iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n máa ju máìnì sómi láti ìdí ọkọ̀ lọ. Bàbá rí ọ̀kan ní èbúté nígbà tí wọ́n ń kó wọn bọ̀ wálé. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti ń ròyìn rẹ̀, Bàbá Àjàmú, ọ̀rẹ́ wọn, á ní irọ́ ni, pé ọkọ̀ wo ló ń yé?

"Gbé ilé adìyẹ rẹ," ni Bàbá wí, "kí o gbé ọ̀rọ̀ Títílọpẹ́ náà dání. Ó ti parí."

Ara Àkànmú tutù. Ó gbé ẹrù lé èjìká, ó dé ẹnu géètì, ó dúró gbagidi.

"Títí! Kí ni máìnì bí kò ṣe ẹyin?" Ló bá sáré padà. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi di ọ̀la!"

Títílọpẹ́ ti wà lórí ìkúnlẹ̀. "Bàbá mi, ẹ dákun."

"Ọ̀la nìkan," ni Bàbá kùn.

Iṣẹ́ dé! Àkànmú fi arère, pákó tó fúyẹ́, gbẹ́ ara ọkọ̀. Ó rẹ́ ilẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ilé adìyẹ yẹn, ó kàn án mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ pẹ̀lú ilẹ̀kùn olókùn. Ó fi ìṣó ńláńlá sí abẹ́ kó má baà dojú dé, ó fi ọ̀dà aláwọ̀ eérú kùn ún. Ọmọ ayò ló kùn dúdú, ìyẹn ni máìnì.

Ní ọjọ́ kejì, àwọn sójà àtijọ́ yí bàsíà omi ká. Bàbá Àjàmú na ọwọ́ sí ọkọ̀.

"Adégbìtẹ́, èyí náà lọkọ̀? Ẹ fún un lágbàdo jẹ!"

Ẹ̀rín bú sọ́tùn-ún sósì. Títílọpẹ́ gbé ọkọ̀ sómi. Ó fì sọ́tùn-ún, ó fì sósì. Ó tún fì... ó dúró! Ó jókòó sómi bíi pẹ́pẹ́yẹ. Àkànmú fa okùn.

Pó! Ọmọ ayò kan bọ́ sómi. Pó! Òmíràn. Pó! Pó!

"Ó ń yé o!" ni wọ́n pariwo. "Ó ń yé!"

Bàbá Àjàmú ti kúnlẹ̀ ti bàsíà bí ọmọdé. "Ẹ dúró, ó ku ọ̀kan! Ẹ jẹ́ kí n fà á fúnra mi!" Pó! "Adégbìtẹ́, mo gbà fún ọ. Ọkọ̀ tó ń yé wà láyé."

Bàbá Adégbìtẹ́ na ara wọn tọ́ gbọọrọ, wọ́n ta sàlúùtù fún Àkànmú.

"Káfíńtà ọkọ̀ ogun! Sọ ohun tí o fẹ́ gbà."

Àkànmú dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú omi tó dà sílẹ̀. "Bàbá, ẹ ti gba máìnì-léyà yín. Mai wáìfù ló kù."