Bọ́ọ̀dù Bàbá Télọ̀

Èmi ni mo rí i o. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ìyẹn, torí kì í ṣe ọ̀gá mi ló rí i, kò sì sí nínú gbogbo ìwé òfin tí mo há sórí ní yunifásítì.

Ọdún kẹrin ni mo wà nígbà náà. Mo ń fi ìsinmi kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ lọ́yà kan tó ń rí sí ọ̀rọ̀ owó-orí ní Ẹ̀gbẹ́dá. Bàbá télọ̀ kan gbé lẹ́tà ìjọba wá láti Ìkọ̀tún. Owó-orí tí wọ́n bù lé e, tó bá ta gbogbo ẹrù ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, kò lè san án. Bí kò bá sì kọ̀wé ta kò ó láàárín ọgbọ̀n ọjọ́, wọ́n á ti ṣọ́ọ̀bù pa. Ọjọ́ mẹ́rin péré ló kù.

Ọ̀gá ní kí n kọ lẹ́tà. Mo kọ ojú ewé mẹ́ta, òyìnbó ńláńlá. Ó kà á, ó rẹ́rìn-ín.

"Lọ́yà, ṣé o ti dé ṣọ́ọ̀bù bàbá yìí?"

Ojú tì mí, inú tún bí mi. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ síbẹ̀. Yàrá kan, máṣíìnì méjì, ọ̀kan ti dẹnu kọlẹ̀. Mo jáde láti ya fọ́tò, mo gbójú sókè.

"Ha! Bàbá, kí lèyí?"

Gàdàgbà ni wọ́n kọ ọ́ sójú bọ́ọ̀dù: iléeṣẹ́ aṣọ àgbáyé, ẹ̀ka ní Àbújá, Ìbàdàn àti Lọ́ńdọ̀nù.

"Ẹ̀ka Lọ́ńdọ̀nù dà, sà?"

"Ọmọ mi, bọ́ọ̀dù ṣá ni, jàre. Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́."

Mo tún wo lẹ́tà ìjọba. Ṣọ́ọ̀bù mẹ́rin ni wọ́n bu owó lé lóòótọ́! Ẹni tó bù ú kò wọlé rárá, bọ́ọ̀dù ló kà.

Mo fa ojú ewé mẹ́ta mi ya, mo kọ ẹyọ kan: yàrá kan, máṣíìnì kan tó ń ṣiṣẹ́, fọ́tò rèé, rìsíìtì owó ilé rèé, ẹ wá wò ó. Èmi fúnra mi ni mo gbé e lọ sí ọ́fíìsì owó-orí, n kò sì kúrò níbẹ̀ títí wọ́n fi lu òǹtẹ̀ lé ẹ̀dà tiwa. Wọ́n wá, wọ́n wò ó, wọ́n sì gé owó-orí náà sí iye tí apá bàbá ká. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fò sókè.

Nígbà tí mo padà lọ kí i, ó ti fi ọ̀dà kun ẹ̀ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pa lójú bọ́ọ̀dù. Àwọn oníbàárà jókòó.

"Lọ́yà mi tí mo wí rèé o!" ó pariwo. "Ó ní ọ́fíìsì ní Ẹ̀gbẹ́dá, Àbújá àti Lọ́ńdọ̀nù!"

Ó yẹ kí n sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ ṣì ni mí. Mo gbórí sókè, mo kí wọn kú ìjókòó.