Ẹ̀rún Tí Àbẹ̀kẹ́ Kò Wá Akọ

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dé ibi iṣẹ́ ní ọgbà ẹran Màmá Tóyìn, lẹ́yìn Ifọ̀, Àbẹ̀kẹ́ fi ìwo kan ilẹ̀kùn ọgbà gbàà, mo sì ti fo fẹ́ǹsì kí n tó kí i tán. Màlúù ni Àbẹ̀kẹ́. Láti ìgbà náà ni mo ti ń tọ́jú màlúù, ẹ̀rù wọn ò sì tíì kúrò lára mi. Mo kàn ti mọ bí mo ṣe lè fi í pamọ́ ni.

Ẹ̀rún ọdún kan wá le ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Koríko gbẹ bí ìgbálẹ̀, Àbẹ̀kẹ́ rù, kò sì wá akọ rárá. Màmá ló kọ́ mi pé bí abo màlúù bá ń wá akọ, á máa ké, ara rẹ̀ ò ní balẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá gùn ún, á dúró jẹ́ẹ́. Ooru àti ebi kì í jẹ́ kí wọ́n rántí nǹkan bẹ́ẹ̀.

"Lásún, àgàn ni màlúù yìí," ni Màmá wí. "Mo ti bá Wàsíù alápatà sọ̀rọ̀. Bí àkọ́rọ̀ òjò bá rọ̀ tí kò yí padà, kó wá mú un."

"Ẹ jọ̀ọ́ Mà, ẹ ní sùúrù fún un. Èmi gan-an, bí ebi bá ń pa mí, ṣé mo máa ń rántí obìnrin ni?"

"Ìwọ? Ìyàwó ẹ ti rojọ́ ẹ fún mi."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ èèpo ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń yan gàrí. Màá dà á sínú báàfù, màá wá fi igi gígùn tì í sún mọ́ Àbẹ̀kẹ́. Ìfẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ kò ní kí n má jìnnà.

Òjò rọ̀, koríko hù, Àbẹ̀kẹ́ dákẹ́. Wàsíù ní òun ń bọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ tí Wàsíù máa dé, mo gbọ́ igbe Àbẹ̀kẹ́. Mo yọjú, mo rí màlúù mìíràn lẹ́yìn rẹ̀ tó fò mọ́ ọn. Orí igi kajú ni mo bá ara mi.

"Mà! Wọ́n ń jà o! Wọ́n fẹ́ pa Àbẹ̀kẹ́!"

Màmá sáré jáde. "Ṣé ó ń sá?"

"Rárá Mà, ó dúró jẹ́ẹ́..."

Etí mi gbọ́ ohun tí ẹnu mi sọ. Màmá rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ibẹ̀ ni Wàsíù bá wa, tòun ti okùn lọ́wọ́.

"Bàbá, kí lẹ ń ṣe lórí igi?"

"Wàsíù, máa padà sílé. Ọkọ ni Àbẹ̀kẹ́ ń retí, kì í ṣe ìwọ," ni mo dá a lóhùn láti orí igi.

Kajú ni Màmá sọ ọmọ tí Àbẹ̀kẹ́ bí. Ó máa ń lá mi lọ́wọ́. Ìyá rẹ̀ ṣì máa ń fi ìwo kan ilẹ̀kùn bí mo bá dé, èmi náà sì ń kí i láti ẹ̀yìn fẹ́ǹsì.