Ọdún Tí Mo Lé Bàámi Síta Nítorí Bọ́ọ̀lù

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fara balẹ̀, ẹ jẹ́ kí n ròyìn ohun tójú mi rí ní sáà bọ́ọ̀lù tó kọjá. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbèrò àtikọ ọ́, ìtìjú ni ò jẹ́.

Gbogbo yín lẹ kí mi kú oríire lọ́jọ́ tí kilọ́ọ̀bù wa gba líìgì, àbí? Mo gbé fọ́tò síbí, mo wọ jẹ́sì, mo ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́. Tẹ́ ẹ bá ráyè, ẹ padà lọ wo fọ́tò yẹn dáadáa. Bàámi ló jókòó lẹ́yìn mi yẹn. Ẹ wo ibi tí gbogbo wa kọjú sí, kẹ́ ẹ wá wo ibi tí Bàámi kọjú sí.

Mi ò ní dárúkọ kilọ́ọ̀bù náà o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí ti mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin tẹ́ ò mọ̀ mí, ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀, torí mo mọ̀ yín, ẹ ó kàn sọ kọ́mẹ́ǹtì mi di pápá ìjà ni.

Bàámi ló kó mi wọ ẹgbẹ́ yìí. Rélùwéè ni wọ́n ti ṣiṣẹ́ ní Èbúté Mẹ́ta níbí, àwọn ni wọ́n ń tún kọ́ọ̀ṣì ọkọ̀ ojú irin ṣe títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Nígbà tí mo wà ní kékeré, kò sí tẹlifíṣọ̀n tó ń ṣiṣẹ́ nílé wa, rédíò ni. Màá jókòó sáàárín ẹsẹ̀ wọn, rédíò á máa sọ òyìnbó fàà, Bàámi á máa túmọ̀ ẹ̀ fún mi. Bọ́ọ̀lù ti wà lẹ́sẹ̀ tiwa o, Rísí. Ó ń sá lọ lápá ọ̀tún. Ó ti gbé e kọjá ẹnì kan. Ó ti gbé e kọjá ẹnì kejì! Ẹ jọ̀ọ́, ta ni ò ní fẹ́ràn bọ́ọ̀lù tí wọ́n bá sọ ọ́ fún un báyẹn?

Orí rédíò yẹn náà la ti gbọ́ ìgbà tá a gba líìgì gbẹ̀yìn. Mo ṣì wà ní pírámárì nígbà yẹn. Láti ìgbà náà, òfo! Ọdọọdún la máa ń sọ pé ọdún yìí ni, ọdọọdún ni wọ́n ń fi wá ṣẹ̀sín. Bàámi wá ní àdúrà kan tí wọ́n máa ń gbà. Wọ́n á ní etí àwọn ti gbọ́ ọ rí, kí Ọlọ́run ṣáà jẹ́ kí ojú àwọn rí i lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí àwọn rí i kí balógun ẹgbẹ́ wa gbé ife yẹn sókè. Ìyẹn nìkan ni wọ́n ń fẹ́.

Sáà tó kọjá wá bẹ̀rẹ̀, la bá fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mẹta léra wọn. Gbogbo ẹ̀ ló ṣojú Bàámi lórí àga wọn nínú pálọ̀.

Lọ́jọ́ tá a gbá ẹ̀kẹrin, ìrun Àsárì bọ́ sí àárín bọ́ọ̀lù. Bàámi dìde lọ mọ́sáláṣí. Kí wọ́n tó dé kọ̀rọ̀ àdúgbò, a ti jẹ góòlù! Kí wọ́n tó kírun tán, a ti jẹ ìkejì! Bí Bàámi ṣe dé, tí wọ́n ń bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, ni àwọn tá à ń bá gbá jẹ góòlù sínú tiwa. Wàsíù, àbúrò mi tó ń ṣe mẹkáníìkì ní Mushin, yí ojú sí mi. Èmi náà yí ojú sí i.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wo bọ́ọ̀lù, ẹ má díbọ́n. Ẹ mọ ohun tá a rò. Gbogbo wa la ní aṣọ tá ò gbọdọ̀ fọ̀, tàbí ìjókòó tá ò gbọdọ̀ kúrò lórí ẹ̀, tàbí ọ̀rẹ́ kan tí a ò ní jẹ́ kó bá wa wò ó torí ẹsẹ̀ ẹ̀ ò dáa. Wàsíù ló kọ́kọ́ là á lẹ́nu. Àmọ́ n ò ní purọ́, èmi ni mo lọ bá Bàámi.

Wọ́n ń fi òrí pa ẹsẹ̀ nígbà tí mo kúnlẹ̀ tì wọ́n. Mo ní Bàámi, ẹ má bínú o, ọ̀rọ̀ kan wà. Nígbà tí mo sọ ọ́ tán, wọ́n rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé wọn.

“Ṣé ẹlẹ́sẹ̀ òṣì wá ni mí, Rísíkátù?”

Mo ní káí, Bàámi, ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù lásán ni.

Wọ́n wá ní, “Tó bá jẹ́ pé ìjókòó mi níta ló máa jẹ́ ká gba ife, gbé bẹ́ǹṣì mi lọ sí bàráńdà. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ gbé e sókè, kẹ́ ẹ pè mí wọlé o.”

Mo búra fún wọn. Mo ní èmi gan-an ni màá wá fà yín lọ́wọ́ wọlé.

Bí Bàámi ṣe bọ́ sí bàráńdà nìyẹn. Ẹ sì wò ó, a bẹ̀rẹ̀ sí í borí! Sátidé lẹ́yìn Sátidé. Màá ti ṣọ́ọ̀bù télọ̀ mi ní ọ̀sán, gbogbo ará ilé á pé jọ sí pálọ̀ wa, Wàsíù á gbé sípíkà ńlá ẹ̀ wá, á gbé e sí kọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀nà. Bàámi á wà níta lórí bẹ́ǹṣì. Tí wọ́n bá gbọ́ ariwo, wọ́n á béèrè láti ojú fèrèsé pé, “Rísí, mélòó?” Màá pariwo iye tó jẹ́. Wọ́n á ní Alhamdulillah.

Ṣé mo jókòó rò ó rí pé àgbà yìí ń dá nìkan jókòó níta níbẹ̀? Rárá. A ń borí! Ta ló ń ronú?

Nígbà tí ọyẹ́ dé, àwọn nǹkan kan bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹlẹ̀. Bàámi á da omi gbígbóná sí ẹ̀gbẹ́ kọ́ọ̀bù. Wọ́n á fi èjìká gbá férémù ilẹ̀kùn tí wọ́n ti ń gbà kọjá láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi. Wọ́n ò ka ìwé ìròyìn mọ́. Mo bá ra awò kan lọ́wọ́ àwọn tó ń kiri ní Yábà, mo gbé e fún wọn. Wọ́n fi sójú, wọ́n ní ó dáa, wọ́n ṣàdúrà fún mi. Mo rò pé mo ti ṣe ojúṣe ọmọ.

Nǹkan mìíràn tún wà. Tí mo bá yọjú sí bàráńdà, mo máa ń bá wọn tí wọ́n di ojú pa. Mo máa ń rò pé oorun ni.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ èyí tó ń dùn mí jù. Ọjọ́ tá a kojú àwọn ọ̀tá wa gan-an, pálọ̀ kún fọ́fọ́. A ti jẹ góòlù kan, ó ku díẹ̀ kó parí. Mo ṣèèṣì wo ẹ̀gbẹ́, kí ni mo rí? Bàámi! Wọ́n dúró lójú fèrèsé, wọ́n fi imú kan nẹ́ẹ̀tì, wọ́n ń wò. Kí n tó sọ̀rọ̀, ni rẹfirí bá fún àwọn yẹn ní pẹ́nárítì, wọ́n sì gbá a wọlé.

Mo fò dìde. Mo lọ síbi fèrèsé, mo ní, “Bàámi, ẹ ṣàánú wa, ẹ jọ̀ọ́!” Mo fa kọ́tìnì mọ́ wọn lójú. Àwọn ará ilé rẹ́rìn-ín, àwọn kan pàtẹ́wọ́. Mo gbọ́ ohùn Bàámi láti ẹ̀yìn kọ́tìnì, wọ́n ní, “Ẹ má bínú, ẹ má bínú.”

Bàbá tó bí mi ló ń bẹ̀ mí o. Mo sì jókòó padà, mo ń wo bọ́ọ̀lù mi.

Ìgbà tó yá, ọjọ́ ìkẹyìn dé. Tá a bá ti borí lọ́jọ́ náà, líìgì ti di tiwa nìyẹn. Bàámi wẹ̀ láti àárọ̀, wọ́n wọ jẹ́sì tí mo rán fún wọn fúnra mi, wọ́n lọ jókòó sí bàráńdà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún wọn. Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe parí. A borí! Ilé dàrú! Wàsíù bú sẹ́kún. Mo sáré síta, mo fa Bàámi lọ́wọ́ wọlé gẹ́gẹ́ bí mo ṣe búra, mo gbé wọn jókòó sórí àga wọn. Mo na fóònù sókè, mo ya fọ́tò tí ẹ rí yẹn.

Balógun ẹgbẹ́ wa ń bọ̀ wá síbi tí ife wà. Mo ní Bàámi, ẹ wò ó, ẹ wò ó o! Wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n ń mi orí. Ó gbé ife sókè, pálọ̀ pariwo, bébà wẹ́wẹ́ ń fò lójú tẹlifíṣọ̀n. Bàámi wá rọra fọwọ́ kàn mí.

“Rísí, ṣé wọ́n ti gbé e?”

Mo yíjú wò wọ́n. Sípíkà Wàsíù ni wọ́n kọjú sí. Ibi tí ohùn ti ń wá ni wọ́n ń wò, wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí i.

Mo fi ọwọ́ sí iwájú ojú wọn. Wọn ò ṣẹ́jú.

Ọlọ́run mi!

Lọ́jọ́ Ajé, a gbé wọn lọ sí ọsibítù. Dọ́kítà obìnrin kan tan iná sí wọn lójú, ó bi wọ́n ní ìbéèrè, ó sì pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ní gilakóómà ni, àìsàn kan tó máa ń jí ojú èèyàn gbé díẹ̀díẹ̀ láìsí ìrora. Ó ní èyí tó ti lọ kò lè padà mọ́, òjìji àti ìmọ́lẹ̀ nìkan ló kù. Ó ní ká ní a tètè gbé wọn wá nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fara gbá nǹkan, àwọn ì bá ti fún Bàámi ní oògùn tí wọn ó máa kán sójú, kí èyí tó kù má baà lọ. Kò bú mi. Ì bá kúkú bú mi.

Inú kẹ̀kẹ́ tá a wọ̀ bọ̀ nílé ni mo ti bi Bàámi pé kí ló dé tí ẹ ò sọ fún wa? Wọ́n ní àwọn ti rí i látìgbà ọyẹ́ pé ojú ń ṣú. Wọ́n rò pé bí epo inú fìtílà ni, pé tí àwọn ò bá lò ó púpọ̀, á pẹ́ kó tó tán. Ìdí tí wọn ò fi ka ìwé mọ́ nìyẹn. Ìdí tí wọ́n fi ń di ojú pa ní bàráńdà nìyẹn.

“Mò ń tọ́jú èyí tó kù de ọjọ́ ife ni,” wọ́n ní. “Mo mọ̀ pé ẹ ó pè mí wọlé.”

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí wọ́n fẹ́ ná lára ẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n fi imú kan nẹ́ẹ̀tì yẹn ni, torí ibẹ̀ nìkan ni wọ́n ti lè rí i. Èmi ni mo fa kọ́tìnì.

Mo sunkún nínú kẹ̀kẹ́ yẹn títí a fi dé ilé. Wọ́n ń gbá mi lẹ́yìn, wọ́n ní kí n má sunkún mọ́, pé a ṣáà gba ife. Àwọn àgbà ní téèyàn bá ń sunkún, a máa ríran. Èmi ò sunkún rárá nígbà yẹn, ayọ̀ ni mò ń yọ̀, mi ò sì ríran.

Sáà tuntun ti bẹ̀rẹ̀ báyìí. Sátidé àkọ́kọ́, mo gbé Bàámi jókòó sórí àga wọn, mo jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Kò pẹ́, àwọn tá à ń bá gbá jẹ góòlù sínú tiwa. Mo kẹ́dùn díẹ̀, ẹ mọ bó ṣe máa ń rí. Ìgbà tí màá fi wo ẹ̀yìn, Bàámi ti dìde. Wọ́n ń fọwọ́ tọ ògiri, wọ́n ń wá ọ̀nà bàráńdà.

Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n jáde o! Wọ́n kàn ń lọ ni, jẹ́jẹ́.

Mo lọ dì wọ́n mú. Mo ní Bàámi, ẹ jókòó, ẹ ò lọ síbì kankan. Ohùn mi ò dáa. Wọ́n ní àbí kí àwọn lọ, torí pé ó dà bíi pé ọwọ́ àwọn yẹn ti ròkè. Mo ní kó ròkè! Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ fún wọn. Bọ́ọ̀lù ti wà lẹ́sẹ̀ tiwa, Bàámi. Ó ń sá lọ lápá ọ̀tún. Mi ò mọ̀ ọ́n sọ bíi tiwọn. Ibi tí mo ti ń wá ọ̀rọ̀, bọ́ọ̀lù á ti kọjá. Wọ́n á ní ẹ̀n-ẹ́n, ẹ̀n-ẹ́n, kí wọ́n má baà jẹ́ kójú tì mí.

Wọ́n tún máa ń ní kí n sọ bí balógun wa ṣe gbé ife yẹn sókè. Mo ti sọ ọ́ tó ìgbà mélòó. Ọwọ́ méjèèjì ló fi gbé e, Bàámi. Ó fi ẹnu kàn án kó tó gbé e. Wọ́n á ní áà, ó mà dáa o.

Ohun tí mo rí kọ́ rèé, n ò sì rò pé mo lẹ́nu àtiwàásù. Bọ́ọ̀lù dùn, àmọ́ àwọn tó ń gbá a ò mọ̀ wá. Ẹni tó mọ̀ wá ló wà nínú ilé. Tí bàbá yín tàbí ìyá yín bá ń da omi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́ọ̀bù, ẹ má lọ ra awò lójú títì. Ẹ gbé wọn lọ sọ́dọ̀ dọ́kítà lọ́la. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀, mo sì ti ní tèmi.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta lẹ ti lé síta rí nítorí ohun tí kò tó nǹkan? Ṣé ó ṣì wà nítòsí tẹ́ ẹ lè pè é wọlé? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, màá kà á.

Sátidé yìí, a tún máa gbá bọ́ọ̀lù. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ pé wọ́n nà wá, kẹ́ ẹ mọ̀ pé Bàámi wà nínú pálọ̀.